Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olóòtú Jọ́nà Jíọ́gíráfì: Ta Ló Dán Máàpù Yìí Wò?

Sí ẹ̀yin olóòtú àgbà àwọn jọ́nà jíọ́gíráfì àti ìmọ̀ GIS (ìmọ̀ fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù àti fífi í yẹ ilẹ̀ wò), àti ẹ̀yin olùyẹ̀wò tí ẹ ń bá wọn ka iṣẹ́ kí ó tó jáde,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní fi ìkíni fa ilẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ti pẹ́ níbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi máàpù kan ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà yín. Máàpù náà ń sọ iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú erùpẹ̀ káàkiri agbègbè kan, títí kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti wa erùpẹ̀ wò rí. Àwòrán sátẹ́láìtì ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo dán an wò, ó gba máàkì tó ga. Olùyẹ̀wò méjì ló kà á. Ọ̀kan ní kí n yí àwọ̀ pupa inú rẹ̀ padà, èkejì ní kí n fi ìwé mẹ́ta kan kún àwọn tí mo tọ́ka sí (mo fura pé òun ló kọ méjì nínú wọn). Mo ṣe méjèèjì. Ẹ gbà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá rí i pé ọ̀nà tí mo gbà dán máàpù ara mi wò kò tọ́. Mo tún un ṣe bó ṣe yẹ, máàkì náà sì já lulẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, mo fi dátà àti kóòdù tì í, mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan náà. Kò tilẹ̀ dé ọwọ́ olùyẹ̀wò kankan. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, olóòtú dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan: kò sí ohun tuntun nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà títí di òní nìyẹn. Máàpù tí kò péye wà níta, àwọn èèyàn ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ń tọ́ka sí i. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú àpò mi. Bó bá ṣe èmi nìkan ni, n bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n èmi náà ń ṣe olùyẹ̀wò, mo ń ka ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ ọ́ ní gbangba.

1. Ìdánwò tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ìdánwò.

Ní 1970, Waldo Tobler, onímọ̀ jíọ́gíráfì, kọ ọ̀rọ̀ kan sínú jọ́nà Economic Geography nígbà tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí agbègbè Detroit ṣe ń gbòòrò. Ó ní ohun gbogbo ló bá ohun gbogbo tan, àmọ́ àwọn tó sún mọ́ra tan ju àwọn tó jìnnà síra lọ. Òfin kìíní jíọ́gíráfì la ń pè é. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ GIS tí kò mọ̀ ọ́n lórí, ẹ̀yin gan-an lẹ sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí ẹ bá ti dé ojú ìwé tí tébù máàkì wà, ẹ máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí àwọn tí kì í ṣe ará ilé wa lè bá wa dá sí i. Ká ní olùwádìí ní 1,000 ibi tí wọ́n ti wọn nǹkan lórí ilẹ̀: bóyá ìwúwo igi, bóyá kábọ́ọ̀nù inú erùpẹ̀, bóyá ooru. Ó kó 800 nínú wọn láìṣà, ó fi kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi 200 tó kù dán an wò. Ẹni bá gbọ́ ọ á ní kò sí màgòmágó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín àwọn 800 yẹn gan-an ni àwọn 200 wà. Òmíràn kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti rí ìdáhùn rẹ̀. Bí Tobler bá sì sọ òótọ́, ìdáhùn aládùúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdáhùn tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní láti mọ ohunkóhun nípa erùpẹ̀ tàbí igi; kó ṣáà ti máa yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Bó ṣe gba máàkì nìyẹn. Ẹ wá gbé e lọ síbi tí kò ní aládùúgbò, ibi tí a torí rẹ̀ ya máàpù gan-an, ẹnu rẹ̀ á wọ́.

Mi ò sọ ọ́ ní àbá. Ní 2020, Pierre Ploton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Nature Communications. Dátà wọn kì í ṣe kékeré: igi mílíọ̀nù 11.8 ni, tí wọ́n kà nínú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dán mọ́dẹ́ẹ̀lì wọn (ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́ látinú dátà) wò lọ́nà tí gbogbo wa ń gbà, ó hàn bíi pé ó lè ṣàlàyé ju ìdajì lọ nínú ìyàtọ̀ ìwúwo igbó láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi àyè sáàárín ibi tí wọ́n fi kọ́ ọ àti ibi tí wọ́n fi dán an wò, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Dátà kan náà ni. Igbó kan náà ni. Ìdánwò nìkan ló yí padà. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìjọba àti àjọ ń fẹ́ fi ka kábọ́ọ̀nù inú igbó, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n sanwó fún pé kò gé igi.

Mélòó nínú àwọn máàpù tí ẹ ti tẹ̀ jáde ló máa dúró bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ẹ kò lè dá mi lóhùn, torí ẹ kò béèrè rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń gbé ìwé Alexandre Wadoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti 2021 bọ̀ wá bá mi, èyí tó sọ pé fífi àyè sáàárín báyìí náà kì í ṣe ọ̀nà tó tọ́ láti fi wọn ìpéye máàpù, pé ó lè bu ẹ̀tẹ́ lu máàpù tí kò yẹ kó gba ẹ̀tẹ́. Wọ́n jàre, níbi tí ọ̀rọ̀ wọn dé. Bí a bá ṣẹ́ ìbò yan àwọn ibi ìdánwò káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí máàpù bò, tí ibi kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní tí a mọ̀ láti bọ́ sínú ìbò náà, kò sí ọgbọ́n míràn tá a tún ń wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ẹ̀bá ọ̀nà la ti ń wa erùpẹ̀. Igbó tí àwọn agégẹdú ti là lọ́nà la ti ń ka igi. Ibi tí mọ́tò dé ni dátà dé. Nítorí náà mi ò ní kí ẹ fi okùn kan ṣoṣo de gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ní kí ẹ bi olùkọ̀wé ni pé: báwo lẹ ṣe yan àwọn ibi tí ẹ ti wọn nǹkan yìí? Ṣé ìdánwò tí ẹ ṣe bá iṣẹ́ tí ẹ ní kí máàpù ṣe mu? Ìbéèrè méjì péré. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù olùyẹ̀wò tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí rí, n kò bá ìkankan nínú wọn pàdé. Wọ́n bi mí bóyá èdè iṣẹ́ náà já gaara. Wọ́n bi mí bóyá àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

2. Máàpù tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ayamáàpù máa ń fi ibi tí ẹsẹ̀ kò dé sílẹ̀ ní òfìfo. (Òótọ́ ni pé àwọn míràn ya ẹranko abàmì síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ẹranko abàmì lórí máàpù mọ̀ pé ó ti kúrò níbi tí wọ́n wọ̀n, ó ti dé ibi àlọ́.) Tiwa lónìí, kò sí píksẹ́lì kan (ẹyọ kékeré inú àwòrán) tí kò ní àwọ̀. Ibi tí a ti wọn nǹkan ní ìgbà igba àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí, àwọ̀ ewé kan náà ló bo méjèèjì, ó ń dán bákan náà.

Hanna Meyer àti Edzer Pebesma ti fi ọ̀nà kan hàn wá láti 2021. Ẹ wo ibi kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, ẹ wọn bí ìrísí rẹ̀ ṣe yàtọ̀ tó sí àwọn ibi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ti kẹ́kọ̀ọ́. Bí ìyàtọ̀ náà bá ti kọjá ààlà, ẹ sàmì sí ibẹ̀ pé mọ́dẹ́ẹ̀lì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí. Kóòdù rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ R lè lò ó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì tún kọ̀wé nípa àwọn máàpù tó bo gbogbo ayé láti inú dátà tó ṣùjọ sí ibi díẹ̀. Ṣé àwọn jọ́nà yín wá sọ ọ́ di dandan? Rárá. Àfikún lẹ ṣì kà á sí, bíi yẹtí tí ẹni tó bá fẹ́ lè fi sétí.

Bóyá ẹ máa sọ pé àṣejù ni mò ń ṣe, pé ẹni tó ń lo máàpù mọ̀ pé ìfojúdá ni. Kò mọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń ta dátà tó ń sọ ibi tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wà. Bí wọn kò bá mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni àdírẹ́sì kan wà lọ, wọ́n á fún un ní látitúdì àti lọ́ńgítúdì tó wà ní nǹkan bí àárín orílẹ̀-èdè náà. Oko kan ní Kansas ni nọ́ńbà yẹn bọ́ sí. Àdírẹ́sì tó ju mílíọ̀nù 600 lọ ló rọ́ wá sórí ilé oko kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá ń wá síbẹ̀, àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ń wá síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí oníròyìn kan tó tú u fó ní 2016. Kì í ṣe pé dátà náà purọ́. Kò rí ọ̀nà sọ pé òun kò mọ̀ ni, ẹni tó ń kà á sì gba nọ́ńbà gbọ́ nítorí pé nọ́ńbà ni.

Àwa náà ní Null Island tiwa tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí látitúdì àti lọ́ńgítúdì jẹ́ òdo, nínú omi Gulf of Guinea. Kò sí erékùṣù níbẹ̀. Ohun èèlò tó léfòó tí wọ́n fi ń wọn ojú ọjọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni dátà tí kò ní ilé máa ń sá lọ. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá sá lọ sínú òkun hàn sójú. Èyí tó bá jókòó sórí ilẹ̀, láàárín àwọn aládùúgbò tó jọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

3. Ààlà tí a fà ń sọ̀rọ̀ ju dátà lọ.

Èyí kò yẹ kó gba àkókò wa, torí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1979, Stan Openshaw àti Peter Taylor mú kọ́ńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) 99 tó wà ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìdá àwọn arúgbó àti ìdá àwọn tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ Republican ṣe ń bá ara wọn rìn. Wọ́n ń da àwọn kọ́ńtì náà pọ̀ lónírúurú ọ̀nà. Òǹkà ìbátan tí wọ́n ń rí lọ láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ -1 (bí ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni èkejì ń wálẹ̀) títí dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ +1 (méjèèjì jọ ń lọ sókè). Èèyàn kan náà, ìbò kan náà; ààlà nìkan ni wọ́n ń tún fà. Lẹ́yìn èyí, ní 2012, Mei-Po Kwan tún rán wa létí pé ibi tí èèyàn ń sùn kọ́ ni ibi tó ti ń lo ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà kíkọ èéfín àdúgbò sí i lọ́rùn torí pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà lè ṣini lọ́nà.

Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ẹ ń gba iṣẹ́ lórí àìsàn, ìwà ọ̀daràn àti owó ilé tí wọ́n ṣe sórí irú ààlà kan ṣoṣo, láìsí gbólóhùn kan tó sọ ìdí tí wọ́n fi yan ààlà yẹn. A mọ ìdí náà. Fáìlì rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ààlà míràn, kí wọ́n sì fi méjèèjì hàn. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míràn níbí.

4. "A lè rí dátà gbà bí a bá kọ̀wé sí olùkọ̀wé."

Mo ti kọ̀wé. Ẹ bá mi bi ara yín mélòó nínú àwọn olùkọ̀wé ló ń dáhùn. Òmíràn ti fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, òmíràn ní akẹ́kọ̀ọ́ òun ló ni kóòdù, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá ibi tó dáa gbà lọ.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti wọ̀n ọ́n. Daniel Nüst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iṣẹ́ 32 wò láti inú àpérò AGILE, ti àwọn onímọ̀ GIS ní Yúróòpù, tí wọ́n ti gbé jáde láàárín 2010 sí 2017. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èèyàn lè gbé kó sì tún un ṣe tán láìṣe wàhálà. Lẹ́yìn náà, Markus Konkol, Christian Kray àti Max Pfeiffer mú iṣẹ́ 41 tí dátà àti kóòdù wọn tiẹ̀ wà níta. Méjì péré ló ṣiṣẹ́ láìsí ìṣòro kankan. Àwọn tó fi kóòdù síta nìyẹn o. Ẹ wá wo àwọn tí kò fi nǹkan kan síta.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: AGILE yìí kan náà kò jókòó lórí ẹ̀sùn náà. Wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀, láti 2020 sì ni wọ́n ti ní àwọn èèyàn tó ń gbé kóòdù àwọn olùkọ̀wé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí wọ́n sì ń kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpérò ni wọn, kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé olówó. Bí wọ́n bá lè ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ olùkọ̀wé, tí ẹ tún ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ilé ìkàwé, kò yẹ kí ẹ sọ pé apá yín kò ká a.

Mi ò sọ pé kí gbogbo dátà wà ní ojúta. Ní 2013, Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú dátà fóònù èèyàn mílíọ̀nù 1.5 pé bí o bá mọ ibi mẹ́rin péré tí èèyàn wà àti wákàtí tó wà níbẹ̀, o lè dá 95 nínú 100 wọn yà sọ́tọ̀, bí kò tilẹ̀ sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú dátà bẹ́ẹ̀ síta ti tú àṣírí èèyàn. Fún ìyẹn, ẹ ní kí ẹnì kan tó ti búra wo dátà náà nínú yàrá tó tì, tàbí kí olùkọ̀wé ṣe dátà àfarawé tí kóòdù lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ẹni tó fi àwòrán sátẹ́láìtì Landsat tàbí Sentinel-2 ṣiṣẹ́ máa sá pamọ́ sábẹ́ ààbò yìí. Láti 2008 ni ibi ìpamọ́ àwòrán Landsat ti ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kí lẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ kò lè fi han ẹlòmíràn?

5. Àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó dé yìí.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Ní 2023, NASA àti IBM gbé Prithvi jáde, mọ́dẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì kọ́. Ní 2025, Google DeepMind gbé irú rẹ̀ míràn, AlphaEarth, jáde, tó ń sọ ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 10 sí mítà 10 di nọ́ńbà 64. Iṣẹ́ àrà ni, mi ò ní bù ú kù. Prithvi tilẹ̀ wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ tú u wò. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà 64 yẹn, ìkankan nínú wọn kò ní orúkọ. Nọ́ńbà kìíní kì í ṣe òjò, ìkejì kì í ṣe igi. Olùkọ̀wé á gbé wọn, á fi wọ́n kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì kékeré tirẹ̀, á pín dátà rẹ̀ láìṣà bí mo ṣe sọ lókè, á gba máàkì, á sì wá bá yín. Bí ẹ kò bá ti lè bi í nípa aládùúgbò nígbà tí ohun tó lò ṣì jẹ́ òjò àti gíga ilẹ̀, kí lẹ fẹ́ bi í báyìí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn: ẹ ní kó sọ bóyá ibi tó fi ṣe ìdánwò wà nínú ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ńlá náà ti rí kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Bo Zhao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àwòrán sátẹ́láìtì irọ́ fún wa rí ní 2021, níbi tí wọ́n ti mú àdúgbò kan ní Tacoma, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tí kọ̀ǹpútà sì wọ̀ ọ́ láṣọ Seattle àti ti Beijing. Wọ́n ṣe é láti kìlọ̀ ni. Àwọn tí kò ní kìlọ̀ ń bọ̀.

6. "Kò sí ohun tuntun."

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, torí pé ẹlòmíràn lè sọ ọ́ kí n gbà, ṣùgbọ́n onímọ̀ jíọ́gíráfì kò yẹ kó sọ ọ́.

Ní 2021, Michael Goodchild, ẹni tó fún ìmọ̀ tí à ń jẹun lórí rẹ̀ yìí lórúkọ, àti Wenwen Li kọ̀wé nínú jọ́nà PNAS pé nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àyíká, a kò lè retí pé kí àbájáde ibì kan rí bákan náà ní ibòmíràn. Ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ṣiṣẹ́ níbí lè má ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ṣíṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kejì, ní ibòmíràn tàbí ní ibi kan náà pẹ̀lú ìdánwò míràn, jẹ́ iṣẹ́ tiwa gan-an. Ó ń sọ fún wa bí àbájáde kan ṣe lè rìn jìnnà tó kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Onímọ̀ físíìsì tó bá tún ìwọ̀n ìyára ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ń wá ìdáhùn kan náà. Àwa kò wá ìdáhùn kan náà. Ibi tí ìdáhùn ti ń yí padà là ń wá. Ìyẹn gan-an ni jíọ́gíráfì. Ẹ wá ń pe ibi tí ìdáhùn ti yí padà ní ohun tí kò tuntun.

Ohun tó sì burú nínú rẹ̀ ni ohun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ̀ pé máàpù tuntun tó ní máàkì gíga á jáde, pé ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà láti yẹ máàpù àtijọ́ wò á kàn pàdánù oṣù mẹ́fà. Mo ti rí èyí tó mọ iṣẹ́ dáadáa, tó rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, tó sì rọra pa fáìlì náà dé. Ó ní òun fẹ́ gboyè. Mi ò rí ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀, kò sì gba owó púpọ̀. Ẹ fi ìbéèrè méjì ti orí kìíní sínú fọ́ọ̀mù olùyẹ̀wò kí ọdún yìí tó parí. Ẹ má gba máàpù tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ láìsí máàpù kejì tó ń fi ibi tí kò mọ̀ hàn. Ẹ yan ẹnì kan ní jọ́nà kọ̀ọ̀kan tó máa gbé kóòdù ṣe kí ẹ tó sọ pé ẹ gba iṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ẹni yàn, mo yọ̀ǹda ara mi fún ọ̀kan. Ẹ ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àtúnṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí olùyẹ̀wò kà á fún bó ṣe ṣe dáadáa tó, kó má jẹ́ fún bó ṣe tuntun tó. Ẹ kúkú lè gbà á kí àbájáde rẹ̀ tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìdáhùn kan ló wù yín. Bí àtúnṣe kan bá sì jáde, ẹ so ó mọ́ ojú ewé máàpù tó ń tún ṣe, kí ẹni tó ń gba èyí àkọ́kọ́ rí èkejì kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ lè fi tèmi bẹ̀rẹ̀. Máàpù kábọ́ọ̀nù mi ṣì wà lórí ìkànnì yín. Ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó yà á sọ pé ìdánwò rẹ̀ kò tọ́. Mo ti kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ fún yín, ó wà nínú lẹ́tà tí ẹ dá padà lọ́jọ́ kẹrin.

Èmi ni tiyín,
Olùwádìí GIS tí ẹ gba àṣìṣe rẹ̀, tí ẹ sì kọ àtúnṣe rẹ̀